Igun, kọ̀rọ̀, kọ́lọ́fín, ìkọ̀kọ̀, ìyẹ̀wù: èwo ló yẹ níbo?

Bí ẹ bá ń kọ ìpolówó ilé ìtura, bí ẹ bá ń túmọ̀ ìwé ọmọdé, tàbí bí ẹ kàn fẹ́ ṣàpèjúwe ibi kékeré kan tó fara sin tó sì ń tuni lára, ẹ ó rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ́n wa. Ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì gbé ìfura dání. Ẹni tó bá lọ jókòó síbi tí ojú ò tó, àwa Yorùbá a máa béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó mú ọ̀rọ̀ kan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ta ni ẹni tó wà níbẹ̀ ò fẹ́ kó rí òun, kí sì nìdí?

Ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn kan dán wọn wò. Ẹ wọlé ọ̀rẹ́ yín, ẹ sì bá èèyàn méjì tó jókòó.

Mo bá wọn ní igun yàrá. Kò sí ìfura kankan níbẹ̀. Ibi tí àga wà ni wọ́n jókòó sí.

Mo bá wọn ní kọ̀rọ̀ yàrá. Wọ́n ń sọ ohun tí wọn ò fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Mo bá wọn ní kọ́lọ́fín kan nínú yàrá. Ẹ ti wá wọn títí kí ẹ tó rí wọn.

Mo bá wọn ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó gbọ́ á ní, «Háà! Kí ni wọ́n ń ṣe?»

Mo bá wọn nínú ìyẹ̀wù. Ẹ̀bi yín ni. Ó yẹ kí ẹ ti ṣe àgò.

Mo bá wọn ní ibùba wọn. Ẹ tètè pe ọlọ́pàá.

Gbólóhùn kan náà ni, àwọn èèyàn méjì kan náà, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ibi ìjókòó wọn ṣe ń yí ni ìwà wọn ń yí lójú ẹni tó ń kà á.

Igun

Ká tètè parí ti igun, torí kò ní wàhálà. Ibi tí ògiri méjì ti pàdé ni igun. Ìrísí ló ń sọ, kò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣe níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ ìṣirò fi rí i lò: onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin. Ìdí nìyẹn náà tí òkúta tí àwọn ọ̀mọ̀lé kọ̀ sílẹ̀ nínú Sáàmù fi di pàtàkì igun ilé. Lójú pópó, kọ́nà ló ti gba ipò rẹ̀ lẹ́nu ọlọ́kadà. Ẹni tó bá sọ fún un pé kó yà ní igun iwájú yẹn, ọlọ́kadà náà á rò pé tíṣà ló gbé.

Àwọn oníwèé ìròyìn wá sọ igun di ọ̀rọ̀ òṣèlú. Bí ẹgbẹ́ bá fọ́ sí méjì, igun kan á wà lẹ́yìn gómìnà, igun kejì á gba ilé ẹjọ́ lọ. Ìjà yìí ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà débi pé bí ìpolówó bá sọ fún mi pé «igun ìtura wa ń dúró dè yín», ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn ni pé igun kejì ńkọ́. Ẹ fi igun sílẹ̀ fún ohun èlò: fìríìjì wà ní igun ilé ìdáná, ẹ gbé àga sí igun pálọ̀. Kò sí àbùkù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí adùn.

Kọ̀rọ̀

Kọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń ṣì lò jù, torí pé ojú méjì ló ní.

Ojú àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọ̀wọ̀. Ẹ wo ibi ìdána. Iṣu ti wà nílẹ̀, oyin, atare, obì àti orógbó ti wà nínú ọpọ́n, alága ìjókòó sì ti ń fi orin da àwọn ọkọ láàmú. Wọ́n wá ka ẹrù ìdána, ó ku nǹkan kan. Ẹ kò ní gbọ́ kí bàbá ìyàwó pariwo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ni yóò dìde, yóò rọra fa etí agbádá ẹnì kan ní ìhà àwọn ọkọ, àwọn méjèèjì á sì rìn lọ sẹ́yìn kánọ́pì, lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀ tó ń kígbe, níbi tí etí kẹta kò ti lè gbọ́ nǹkan kan. Orí ni wọ́n ń mì, ọwọ́ ni wọ́n ń jù. Kò pẹ́ púpọ̀, wọ́n ti padà dé tẹ̀ríntẹ̀rín, alága ìjókòó sì ń bá orin lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Kọ̀rọ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ò ní ògiri, kò ní òrùlé, ariwo ibẹ̀ sì lè di èèyàn létí, síbẹ̀ kọ̀rọ̀ ni, torí pé àṣírí bò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni à ń pe àgbà sí kọ̀rọ̀ tí a bá fẹ́ tọ́ka àṣìṣe rẹ̀ sí i. Ẹni tó sọ ọ́ lójú gbogbo ayé ló hùwà ìbàjẹ́, kì í ṣe ẹni tó lọ sí kọ̀rọ̀.

Ojú kejì ni ti ibùsùn. Lọ́gán tí ẹ bá ti so kọ̀rọ̀ mọ́ yàrá, ọ̀rọ̀ ti di ti tọkọtaya. «Ohun tó ń lọ ní kọ̀rọ̀ yàrá wọn» kì í ṣe ìwé kíkà. Mo ti rí ìpolówó tí ilé ìtura kan fẹ́ sọ pé àwọn ní ibi kékeré tó dákẹ́ fún àwọn tó fẹ́ ka ìwé tàbí mu tíì, tí wọ́n kọ ọ́ pé «àwọn yàrá wa ní kọ̀rọ̀ tó tura fún yín àti ẹni tí ọkàn yín yàn». Ẹni tó kọ ọ́ lè máà ní èrò búburú kankan. Ẹni tó kà á ti mọ irú ilé ìtura tí wọ́n ń pè é sí.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀rọ̀ tó mọ́, ẹ so iṣẹ́ mọ́ ọn: kọ̀rọ̀ ìkàwé, kọ̀rọ̀ àdúrà, kọ̀rọ̀ tí màmá ti ń ránṣọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn á ti dáhùn ìbéèrè òǹkàwé kó tó bi yín. Bí ẹ bá fi kọ̀rọ̀ nìkan sínú gbólóhùn, ìbéèrè á kù.

Kọ́lọ́fín

Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo, kọ́lọ́fín ni màá mú. Òun ló sún mọ́ ibi kékeré tó fara sin jù lọ láìfi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ààyè tó wọnú lára ògiri, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ àtẹ̀gùn níbi tó ti rọ̀ sílẹ̀ tí àgbàlagbà ò ti lè nàró, kọ́lọ́fín ni gbogbo wọn. Àwọn ọmọ tó ń ṣe bojúbojú mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ibi tí ara wọn bá lè bá mu gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń fún ara wọn sí, wọ́n á ká orúnkún mọ́ àyà, wọ́n á di ẹ̀rín mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nínú mọ́sáláṣí pẹ̀lú, ibi tó tẹ̀ wọnú ògiri níwájú, tó kọjú sí Mẹ́kà, níbi tí lèmọ́ọ̀mù ń dúró sí, bí mo bá fẹ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i rí, kọ́lọ́fín ni màá pè é. Kò sí ẹni tó máa rò pé lèmọ́ọ̀mù ń sá pamọ́.

Kọ́lọ́fín tún ń wọ inú èèyàn lọ. Ohun tó wà ní kọ́lọ́fín ọkàn ẹni ni ohun tí a kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, bóyá tí àwa fúnra wa ò tíì wò dáadáa. Ẹni tó ń kọ ìtàn àròsọ á rí èyí lò gan-an.

Àléébù rẹ̀ ni eruku. Kọ́lọ́fín ni owó ń já bọ́ sí, ibẹ̀ ni eku ń bímọ sí, ibẹ̀ náà sì ni ọlọ́pàá ń tú nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹrù òfin. Ìtura kì í wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó gbé e wọlé. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ sí i, tàbí tìmùtìmù, tàbí fèrèsé: «kọ́lọ́fín kan lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń yọjú sí». Bẹ́ẹ̀ ni eruku á lọ.

Ohun kan ń bí mi nínú nípa rẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn á kọ ọ́ pé gómìnà yóò fa omi dé «gbogbo kọ́lọ́fín ìpínlẹ̀ náà». Èdè òyìnbó ló wà lábẹ́ ìyẹn. Jákèjádò ìpínlẹ̀ ń bẹ, tibú-tòòró ń bẹ, àwọn méjèèjì sì fẹ̀ tó ìlérí olóṣèlú.

Ìkọ̀kọ̀

Ìkọ̀kọ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó kù torí pé kì í ṣe ibi kan. Ipò ni. Èèyàn lè wà ní ìkọ̀kọ̀ láàárín ọjà, bó bá ṣáà ti ṣe é tí ẹnì kan ò fi mọ̀. Gbangba ni ọ̀tá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì máa ń rìn pọ̀ nínú gbólóhùn: ní gbangba àti ní ìkọ̀kọ̀.

Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun tí a ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ kò dára: owó ìkọ̀kọ̀, ìpàdé ìkọ̀kọ̀, àlè ìkọ̀kọ̀. Síbẹ̀, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì èyíkéyìí tí wọ́n ti ń ka Sáàmù kọkànléláàádọ́rùn-ún: «Ẹni tí ó jókòó ní ibi ìkọ̀kọ̀ Ọ̀gá-ògo ni yóò máa gbé abẹ́ òjìji Olódùmarè.» Kò sí ìfura kankan níbẹ̀. Ààbò ni, ìtura ni, òjìji sì tún bò ó. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Àjàyí Crowther ṣíwájú wọn, fi ọ̀rọ̀ kan, «ibi», ṣáájú ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì fi orúkọ ẹni tó ni ibẹ̀ tì í lẹ́yìn. Bí ẹni tó ni ìkọ̀kọ̀ bá ti ṣeé fọkàn tán, ìkọ̀kọ̀ náà ti mọ́ nìyẹn. Èmi ò rí ọ̀nà míì tí ọ̀rọ̀ yìí fi lè dùn létí. Ẹ má fi ṣe ìpolówó ilé oúnjẹ.

Ìyẹ̀wù

Ìyẹ̀wù ní ilẹ̀kùn. Ohun tó ya òun àti kọ́lọ́fín sọ́tọ̀ nìyẹn. Yàrá inú lọ́hùn-ún ni, tí àlejò kì í dé, tí ọmọ ilé pàápàá ń gbàṣẹ kó tó wọ̀. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, inú ìyẹ̀wù ló ń gbé. Olorì ń bẹ nínú ìyẹ̀wù nígbà tí ọba bá wà níta pẹ̀lú àwọn ìjòyè. Ó ní iyì, ó sì ní ọjọ́ orí. Lẹ́nu ojoojúmọ́ yàrá ló ti gba iṣẹ́ rẹ̀, torí náà bí ẹ bá lo ìyẹ̀wù nínú ìpolówó fúláàtì tuntun, á dà bí ìgbà tí ẹ wọ agbádá lọ fọ mọ́tò. Nínú ìtàn, nínú àdúrà, nínú lẹ́tà ìfẹ́, ẹ lò ó láìbẹ̀rù.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn ibi ìfarasin tó jẹ́ ti ẹ̀sìn ní orúkọ tiwọn, kò sì yẹ kí a máa yá wọn fún ọ̀ṣọ́. Igbódù ni ti Ifá, ìgbàlẹ̀ ni ti eégún, ilédì ni ti Ògbóni. Ẹni tí kò bá wọ inú awo kì í dé ibẹ̀. Orúkọ igbódù sọdá òkun: nílé àwọn ọlọ́rìṣà ní Cuba, yàrá inú ilé tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀sìn fún ẹni tuntun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igbó ló wà lára orúkọ náà tí kò sì sí igi kan nínú yàrá. Ní Bahia ní Brazil, ọ̀rọ̀ Potogí, camarinha, ni ọ̀pọ̀ ń lò fún irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ilé ọtí tó bá sọ ibi ìjókòó rẹ̀ ní «igbódù», ọ̀rọ̀ ò sí lẹ́nu mi.

Àwọn tí ẹ lè tètè kọjá

Ibùba: ọ̀daràn, ajínigbé àti ẹranko tó ń ba de ohun ọdẹ ló ni ín. Ẹ má gbìyànjú àtifọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀bùrú: ọ̀nà ni, kì í ṣe ibi ìjókòó, ẹni tó gba ẹ̀bùrú ń sá fún ẹnì kan. Lábẹ́lẹ̀: iṣẹ́ ni a ń ṣe lábẹ́lẹ̀, a kì í jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé lè dára, aṣọ ń gbẹ níbẹ̀, ọmọ ń ṣeré níbẹ̀, àmọ́ òwe ti dúró ní ẹnu ọ̀nà: ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé.

Pàlàpálá yẹ fún ìṣẹ́jú kan. Ojú tó là sínú àpáta ni, ibi tí ẹyẹ àdàbà àti ẹni tí ogun ń lé ń wọ̀ sí. Ẹni tó bá ti gun Olúmọ ní Abẹ́òkúta ti rí ohun tí mò ń sọ: àwọn ibi tó rẹlẹ̀ lábẹ́ àpáta, tí àwọn Ẹ̀gbá fara pamọ́ sí nígbà ogun lẹ́yìn tí wọ́n dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830, àti àwọn ihò tí àwọn obìnrin ti lọ nǹkan sójú òkúta. Wọ́n ń gbé níbẹ̀, wọ́n ń dáná níbẹ̀. Bí ibi tí ẹ ń ṣàpèjúwe bá jẹ́ ti òkúta, tó sì gba ẹnì kan là, ẹ lo pàlàpálá. Bí ó bá jẹ́ pé ògiri búlọ́ọ̀kù lásán ló lanu, ti aláǹgbá nìyẹn.

Nígbà tó bá jẹ́ pé ìtura ni ẹ ń wá, tí kì í ṣe ìfarasin

Èyí ló máa ń bọ́ sórí ọ̀pọ̀ tó ń túmọ̀ láti èdè òyìnbó. Níbi tí òtútù ti ń jẹ èèyàn légungun, ibi tó dùn ni ibi tó há, tó gbóná díẹ̀, tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Níbi tí oòrùn ti ń ràn bíi ti Ìbàdàn lóṣù kẹta, ibi tó há tó sì gbóná kì í ṣe ìtura fún ẹnikẹ́ni, ìyà ni. Ibi tó dùn níbẹ̀ ni ibi tó tutù, tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, tí èèyàn méjì-mẹ́ta sì wà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ibòòji. Abẹ́ igi odán lẹ́bàá ààfin, níbi tí àwọn bàbá ti ń ta ayò lọ́sàn-án, kò fara sin rárá, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí wọn, síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa sọ pé ibẹ̀ ò tura.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ìdí: ìdí ayò, ìdí ẹmu, ìdí àrò. Ó ń sọ pé nǹkan kan wà láàárín tí àwọn èèyàn yí ká. Ìdí àrò lóru ọyẹ́, tí iná ń jó lábẹ́ ìkòkò tí ìyá àgbà sì ń pàlọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo kọ̀rọ̀ ayé yìí lọ. Bí òǹkàwé yín bá wà ní Peckham tàbí Chicago, tí ẹ sì ń ṣàpèjúwe ilé rẹ̀ ní oṣù kìíní, ẹ lè fi «lọ́wọ́ọ́wọ́» kún un: ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Fún ará Ìbàdàn, omi ìwẹ̀ nìkan ló ń lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ẹ ó rí i pé ìtura gan-an, ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń gbé e: ara tù mí níbẹ̀, ibẹ̀ pa rọ́rọ́, ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ti lo ọ̀kan nínú àwọn yìí, ẹ lè fi «ibi» lásán síwájú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí kọ̀rọ̀ àti ìkọ̀kọ̀ sinmi.

Ó wá ku yíyàn

Fún kíláàsì ọmọdé, níbi tí wọ́n tẹ́ ẹní sí tí wọ́n kó ìwé jọ, màá sọ pé ìdí ìwé tàbí igun ìkàwé. Tíṣà gbọ́dọ̀ máa rí wọn níbẹ̀, torí náà kọ̀rọ̀ kò yẹ. Nílé, fún àga kan lẹ́yìn kọ́tìnnì tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó sí, kọ̀rọ̀ ìkàwé ni. Fún ilé ìtura, «ibi ìjókòó tó pa rọ́rọ́», kí wọ́n sì gbàgbé ẹni tí ọkàn yàn. Ilé oúnjẹ tó ní ọgbà, ibòòji. Nínú ìtàn àròsọ, ẹ tẹ̀ lé ẹni tó ń sọ̀rọ̀: ìyá ìyàwó á pè é ní ìkọ̀kọ̀, ìyàwó á pè é ní ìyẹ̀wù, ọmọ kékeré á pè é ní kọ́lọ́fín, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lè máa sọ̀rọ̀ nípa yàrá kan ṣoṣo.

Ọ̀ràn àmì tún wà níbẹ̀, pàápàá lórí fóònù. Láìsí àmì, ìkọ̀kọ̀, ìkòkò àti ìkókó di ikoko, ìkookò sì ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn wọn; «ibi ikoko wa» lè jẹ́ ilé ìdáná tàbí ibi ìgbẹ̀bí. Kọ̀rọ̀ á di koro, ẹnu á sì korò. Igun á di igún, ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ rí nílé ìtura. Kọ́lọ́fín tí mo fẹ́ràn jù pàápàá á di kolofin, ẹni tó bá ń sáré kà á sì lè gbọ́ ọ sí ibi tí kò lófin. Níbi tí ẹ̀rọ ò bá ti gba àmì, ẹ lo ibòòji tàbí ìyẹ̀wù. Àwọn yẹn ò ní ìbejì.